BQ Tí Wàsíù Ń Kọ́ Sẹ́yìnkùlé ní Abbey Wood

Ó rẹ Ìyèbíyè nírọ̀lẹ́ Sátidé yẹn. Àárẹ̀ náà, bí wọ́n bá gbé e lé erin lórí, erin á bẹ̀bẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń gbé àwọn arúgbó dìde ní ilé ìtọ́jú kan ní Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù. Bó ṣe sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Abbey Wood, àga gígùn tó wà ní pálọ̀ rẹ̀ nìkan ló ń rò.

Ṣùgbọ́n àga kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Sọ̀fíyátù, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó dé láti Ìbàdàn láti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ń sùn lórí rẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àpótí ẹrù wọn kún pálọ̀ débi pé eku tó bá fẹ́ kọjá, ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi rìn.

Wàsíù, ọkọ rẹ̀, wà lẹ́yìnkùlé, ó ń po sìmẹ́ńtì. Ìbátan wọn kan ní Amẹ́ríkà ló fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé òfin tuntun ti dé ní ìpínlẹ̀ àwọn: ilẹ̀ tó jẹ́ ti ilé kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀, èèyàn lè kọ́ méjì, mẹ́ta, kódà mẹ́rin sí i. Etí Wàsíù gbọ́ "mẹ́rin", ó sì tì pa. Ọmọ Ṣómólú ni. Níbi tó ti dàgbà, ilé tí kò ní BQ, ilé kékeré fún àlejò àti ẹbí, lẹ́yìn, ilé aláìpé ni. Wọ́n sì máa ń sáré kan òrùlé, torí bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá dé bá òrùlé, kì í rọrùn fún un láti wó o mọ́, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

Wàsíù náà sáré. Ológbò aládùúgbò tó fo ọgbà wọlé lánàá, orí ló fi gbá ògiri lónìí.

Ìyèbíyè bi í bóyá ó ti béèrè ní káńsù.

"Béèrè kẹ̀? Ilẹ̀ mi ni. Kí wọ́n tó mọ̀, a ti kan páànù."

Sọ̀fíyátù ti ra kọ́tìnì sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ kó wọ ibẹ̀. Ìyèbíyè kò tún béèrè mọ́. Ó fẹ́ àga rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Christiana, ọmọ ọ̀rẹ́ wọn kan, yà kí wọn. Thamesmead ni wọ́n bí ọmọbìnrin yìí sí, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán ilé. Ìyèbíyè lè fa kọ́tìnì bo fèrèsé tó kọjú sẹ́yìnkùlé. Kò fà á. Ó ní, "Christiana, wá bá mi wo nǹkan."

Christiana wo ògiri náà. "Uncle, ṣé o ti gba planning permission?"

"O" yẹn dun Wàsíù ju ìbéèrè àṣẹ ìkọ́lé náà lọ. Ó rojọ́ rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọmọ tí òun gbé jó níbi ìkómọ ló ń pe òun ní "o". Lẹ́yìn náà ló tan ohùn ará Amẹ́ríkà náà fún Christiana kó gbọ́. Christiana gbọ́ ọ délẹ̀.

"Uncle, òfin tiwọn nìyẹn. Abbey Wood la wà."

Ó ṣàlàyé pé bó bá jẹ́ ilé ẹrù, tí kò bá ga jù tí kò sì fẹ̀ jù, òfin sábà máa ń gbà á láìbéèrè. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti ń sùn síbẹ̀, tó ń dáná, tó di ilé ọ̀tọ̀, a ní láti kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ káńsù, kí ayẹ̀léwò sì yẹ iná, omi ìdọ̀tí àti ọ̀nà àbájáde wò.

"Bí mo bá ti kan òrùlé ńkọ́?"

"Òrùlé ò dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n lè ní kó o wó o."

Sọ̀fíyátù ti wọ àárín àwọn ògiri náà. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, kò sí fèrèsé.

"Bùọ̀dá mi," ó ní, "bí iná bá sọ lẹ́nu ọ̀nà yìí, ibo ni mo máa gbé ọmọ mi gbà?"

Wàsíù fi ṣọ́bìrì sílẹ̀. Ó ní kí Christiana sọ ohun tó kù tí àwọn lè ṣe.

Christiana wọn ògiri náà, ó ní ó ṣì wà ní ìwọ̀n ilé ẹrù. Nígbà tí Wàsíù kan páànù lé e tán, wọ́n kó gbogbo àpótí lọ síbẹ̀. Ẹrù ni yóò máa gbé ibẹ̀, kì í ṣe èèyàn. Àwòrán ilé gidi tí Christiana bá wọn yà ti wà lọ́dọ̀ káńsù báyìí, wọ́n ń retí èsì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kó àpótí náà, pálọ̀ mí kanlẹ̀. Ìyèbíyè rí etí àga kan jókòó lé, ó sì sùn síbẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ Sọ̀fíyátù lórí itan rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ní ẹ̀yìnkùlé, òfin ìlú kan kì í ṣe òfin ìlú míì. Ẹ má fi ohùn orí fóònù kọ́lé. Kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ìkọ́lé káńsù yín. Ẹ má sì gbé èèyàn sínú ilé tí kò ní ọ̀nà àbájáde. Ó máa ń rẹni láti dúró de àṣẹ. Ó ń rẹni ju bẹ́ẹ̀ lọ láti fọwọ́ ara ẹni wó ohun tá a kọ́.