Omi Tí Fábíyìí Tì Mọ́ Yàrá

Ta ni kò mọ Fábíyìí ní Ṣàgámù nígbà náà? Oníṣòwò obì gbàǹja ni. Owó ń bẹ, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Tọ̀sán-tòru ni òǹdè, oògùn ìṣọ́ra, wà ní ìdí rẹ̀.

Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, tí ó ń yàgbẹ́ tòun tẹ̀jẹ̀, ó ní Ọmọ́yẹni ìyàwó òun ló fi májèlé sọ́bẹ̀.

"Bàbá Adétúnbọ̀, ṣebí inú ìkòkò kan náà la ti jọ jẹun!" Ẹkún ni obìnrin náà fi sọ ọ́.

"Dákẹ́! Kó ẹrù rẹ!"

Ó lé e lọ sílé baba rẹ̀ ní Òde Rẹ́mọ. Ẹ ò rí ìkà!

Láti ìgbà náà, iṣu tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ sun nìkan ló ń jẹ. Omi odò kékeré inú oko obì rẹ̀, tó ti ń mu tipẹ́, ló ń pọn sínú kẹ́ẹ̀gì, á tì í mọ́ yàrá, á fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Síbẹ̀ ara rẹ̀ ń gbóná, abẹ́ ìhà rẹ̀ ọ̀tún sì ń wú.

"Ọmọ́yẹni ti tún fi àrùn ránṣẹ́ sí mi láti Òde Rẹ́mọ!" ló ń wí.

Ọjọ́ tí kò lè dìde mọ́, Lásúnkànmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ onígbàgbọ́, wá mọ́tò, ó gbé e lọ sí ọsibítù.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. "Bàbá, kì í ṣe májèlé. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló wà nínú ìfun yín. Ó ti wọ ẹ̀dọ̀, ó ti di ọyún. Láti inú ìgbẹ́ ènìyàn ló ti ń bọ́ sínú omi. Omi wo lẹ ń mu?"

"Omi oko mi ni. Kò sẹ́ni tó ń débẹ̀ àfi èmi."

"Níbo lẹ wá ń yàgbẹ́ sí lóko?"

Fábíyìí ní, "Òkè odò náà gan-an ni, omi ibẹ̀ ló ń ṣàn wá síbi tí mo ti ń pọn."

Wọ́n fa ọyún náà, wọ́n fún un lóògùn. Lásúnkànmí jókòó tì í.

"Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo ayé lo fura sí, o ò fura sí ara rẹ rí. Bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Inú ẹni ló ń gbé. Òǹdè ò lè lé e jáde. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló lè wẹ̀ ọ́ mọ́."

Ni Fábíyìí bá bú sẹ́kún. "Olúwa, èmi gan-an ni ìkà náà! Ṣàánú mi!" Fúnra rẹ̀ ló já òǹdè náà sọnù. Ó ní kí wọ́n bá òun bẹ Ọmọ́yẹni.

Ọmọ́yẹni dé tòun ti abọ́ ẹ̀kọ mímu. Ó bu ṣíbí kan, ó fẹ́ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú ọkọ rẹ̀, kí ó má baà fura. Fábíyìí di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má tọ́ ọ wò mọ́, ìyàwó mi. Dárí jì mí." Ó gba abọ́ náà, ó sì mu ún tán.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ta ni ò ń fura sí? Ṣé ìyá ọkọ rẹ ni, àbí orogún rẹ? O ti tilẹ̀kùn, o ti de oògùn mọ́dìí, ṣùgbọ́n inú rẹ ni ohun tí ń pa ọ́ wà. Jésù rí i, kò sì kórìíra rẹ. Má dúró dìgbà tí yóò dé ẹ̀dọ̀. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn, kí o ké pè é lónìí.