Ohun Tó Ń Gòkè Láàárọ̀

Láti ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ti dákẹ́, pọ́ǹpù ẹrẹ̀ náà sì ti dákẹ́, síbẹ̀ ìlà tó ń sọ iye hílíọ́ọ̀mù, gáàsì tí wọ́n ń wá nínú ilẹ̀, tún gòkè lórí ìwé Simbeye. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, bíi ti àná.

Simbeye kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ àyẹ̀wò gáàsì. Ẹrẹ̀ tí pọ́ǹpù ń tì lọ tì bọ̀ nínú ihò ló ń gbé afẹ́fẹ́ wá sókè. Bí pọ́ǹpù kò bá ṣiṣẹ́, kò yẹ kí nǹkan kan gòkè. Àádọ́ta ìṣẹ́jú sì ni ìrìn náà láti ìsàlẹ̀ ihò dókè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí ohun tó rí kúrò nísàlẹ̀, àfi kó yọ àádọ́ta kúrò. Ó yọ ọ́, ó bọ́ sí aago mẹ́sàn-án, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́.

Aago mẹ́sàn-án, lóṣù tó kọjá, ni Kapele, olórí àwọn agbẹ́lẹ̀, sáré wá sọ fún un pé wọ́n pè láti ọsibítù Sumbawanga, pé Tusekile ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbóhùn rẹ̀ lórí fóònù ọ́fíìsì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kan àpáta tuntun ni. Simbeye ní kí èsì ibẹ̀ gòkè ná. Nígbà tí yóò fi gòkè, ọmọ ti kú. Omi lásán sì ni èsì náà.

"Bàbá Tusekile," Kapele ló wọlé yẹn, "àwọn ọ̀gá wa ní Dar es Salaam ń retí yín o. Ṣé gáàsì gidi ni, àbí ẹ̀rọ yín ló ń ṣèrànrán? Bí kì í bá ṣe gidi, símẹ́ńtì ti wà nílẹ̀, ká dí ihò náà ká máa lọ sílé."

"Fún mi láyè di ọ̀la."

"Ẹ jẹun ná. Òkèlè ugali yín ti gan."

Lọ́jọ́ kejì, ní aago mẹ́sàn-án, Simbeye kúnlẹ̀ sẹ́nu ihò náà. "Tusekile, bàbá rẹ rèé. Mo ti dé." Ó dúró. Kapele wá dúró tì í.

Nígbà tí àádọ́ta ìṣẹ́jú pé, ohùn kan jáde. Ó tín-ín-rín, bí ohùn ẹni tó fa hílíọ́ọ̀mù símú, ṣùgbọ́n bàbá kì í ṣi ohùn ọmọ rẹ̀ mọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gé fóònù náà. Bàbá mi ń bọ̀ wá gbé e."

Kapele ṣí akoto lórí. "Kò gbọ́ ohun tí ẹ sọ."

"Kò lè gbọ́. Ohun tó ti kọjá ló ń gòkè."

Simbeye mú ìwé èsì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé gáàsì gidi ni, kí wọ́n má ṣe dí ihò náà. Kapele mọ̀ pé irọ́ ni, irọ́ tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ó fọwọ́ sí i.

Ní Dar, wọ́n ń yọ̀. Àràárọ̀ ni Simbeye ń gbé àga lọ sẹ́nu ihò náà, àràárọ̀ sì ni ọmọ náà ń bẹ nọ́ọ̀sì.