Ilẹ̀ Dúdú Inú Kànga

Ọdún tí ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà kú ni Bíríkìlà gba ilẹ̀ àgbàlá lọ́wọ́ opó rẹ̀. Ó wó ṣalángá tí olóògbé gbẹ́, ó kó yẹ̀pẹ̀ dí i, ó sì gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, nítorí pé àpáta ni gbogbo ibi tó kù. Bó ṣe ń gbẹ́ ẹ lọ, ilẹ̀ apá kan dúdú, ó ń rùn. Bíríkìlà wo òkè. Kò sí ẹni tó ń wò ó. Ó po sìmẹ́ńtì, ó rẹ́ ẹ mọ́ ibẹ̀, ó dán bí àwo. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó tó fẹ́ lẹ́yìn náà. Bó bá ní òun gbàgbé, irọ́ ló ń pa.

Sìmẹ́ńtì náà ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òjò ọdún yìí ló pọ̀ jù. Ọmọbìnrin Bíríkìlà jẹun alẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìgbẹ́ gbuuru ti pa á. Lẹ́yìn ìsìnkú ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó kù, tún dùbúlẹ̀.

Àwọn ará ilé kò wá ọ̀daràn jìnnà. Opó yẹn, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹ̀yìnkùlé nítorí yàrá ìdí ògiri tí wọ́n tì í sí, inú kì í run ún. Ọjọ́ tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ ló ti búra pé òun ò ní mu omi ibẹ̀. Omi òjò tó ń dà láti orí páànù ló ń fi ìkòkò gbà.

“Ṣé irin ni ìfun ẹ ni?” Télọ̀ tó háyà yàrá iwájú ló ń pariwo. “Gbogbo ilé ń di ikùn mú, ìwọ ń sanra!”

“Télọ̀, ṣòkòtò tí o rán fún ọkọ mi, ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Ṣé àjẹ́ ló bá ẹ rán ìyẹn náà?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Bíríkìlà kúnlẹ̀. “Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eléyìí sílẹ̀ fún mi.”

“Ìyàwó, mi ò mú ọmọ ẹ.”

Nírọ̀lẹ́, ẹyẹ dúdú kan bà sí etí kànga. Kò ké. Inú omi ló ń wò. Wọ́n sọ òkúta lù ú, ó fò díẹ̀, ó tún padà. Gbogbo wọn yíjú sí yàrá ìdí ògiri. Bíríkìlà nìkan ló lọ tan tọ́ọ̀ṣì sínú kànga. Sìmẹ́ńtì ti là. Ohun dúdú kan ń ṣàn láti ibi tó ti là, díẹ̀díẹ̀, bí ojú tó ń sunkún tí kò dákẹ́.

“Kí lẹ rí?” ìyàwó rẹ̀ bi í.

“Omi ni.”

Bó bá sọ ọ́, òun ló pa ọmọ rẹ̀. Ó pa tọ́ọ̀ṣì. Ó ń gbọ́ bí Télọ̀ ṣe ń ṣètò bí wọ́n á ṣe lé àjẹ́ síta.

Láàárọ̀, wọ́n pe Oníṣègùn, wọ́n fi Ìyá Ẹ̀yìnkùlé hàn án. “Kó mu omi ilé yìí,” ni Oníṣègùn wí. “Bí ọwọ́ ẹ̀ bá mọ́, kí wọ́n fún ọmọ náà ní ìyókù, ara ẹ̀ á yá.”

Wọ́n fa omi. Ó mọ́ gaara lójú. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé gba ife náà.

“Mo ti búra pé mi ò ní mu ún láéláé. Ṣùgbọ́n torí ọmọ yìí, màá mu ún.”

Ó mu ún dé ìdajì, ojú rẹ̀ ò kúrò lójú àbúrò ọkọ rẹ̀. Ìyàwó gba ife, ó gbé orí ọmọ sókè.

“Má fún un!” Bíríkìlà gbá ife náà dànù.

“Kí ló ń ṣe yín?” ìyàwó rẹ̀ figbe ta. “Ẹ ò fẹ́ kí ara ẹ̀ yá?”

“Kò ní yá.” Ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù, kò lè gbójú sókè. “Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ṣalángá ọkọ yín ló ń ṣàn sínú kànga yìí. Ọjọ́ tí mo ń gbẹ́ ẹ ni mo ti rí i. Mo gbọ́ òórùn ẹ̀. Mo fi sìmẹ́ńtì bò ó, torí pé mo fẹ́ ilẹ̀ yín. Kò sí àjẹ́ nílé yìí. Èmi ni mo pa ọmọ mi.”