Àwo Kékeré fún Eyín Alájà

"Kí ló sọnù gan-an?"

Bọ̀ọ̀dá Japheth béèrè bẹ́ẹ̀ láì gbójú sókè. Ó ti kó àwo mẹ́ta sórí tábìlì tó fi ń tún rédíò ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, ó sì ń fi àkísà nù wọ́n. Àwo wọ̀nyí kì í ṣe àwo oúnjẹ o. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tó máa ń wá irin nínú ilẹ̀ ni wọ́n ń so wọ́n mọ́. Bí ẹni tó mú ẹ̀rọ náà dání bá ń gbé àwo sọ́tùn-ún sósì lórí iyanrìn, tí irin, bàbà tàbí wúrà sì wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ á ké. Ọ̀kan nínú àwọn àwo náà fẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò, èkejì tó abọ́ ẹ̀kọ, ẹ̀kẹta kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni Japheth máa ń gbé ẹ̀rọ yìí lọ sí etí òkun l'Ékòó, torí pé òpin ọ̀sẹ̀ ni àwọn tó lọ gbafẹ́ máa ń sọ nǹkan nù síbẹ̀.

Misbaudeen ń wo àwọn àwo náà. "Fóònù ni," ló wí.

"Fóònù? Ṣé o ti pè é?"

"Bátìrì ẹ̀ ti kú, bọ̀ọ̀dá."

Irọ́ ni. Fóònù Misbaudeen wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, kò sọnù rárá. Ó tilẹ̀ ń gbọ̀n nínú àpò náà lọ́wọ́lọ́wọ́, Nojeem ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń pè é. Ohun tó sọnù jẹ́ eyín. Eyín wúrà. Eyín ìyá bàbá rẹ̀.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí a sọ bó ṣe jẹ́. Alájà Kúlúsúmù, ìyá bàbá Misbaudeen, lọ sí Mẹ́kà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ nígbà tí ara ṣì le. Bí ọ̀pọ̀ Alájà ìgbà náà ní Ìbàdàn ti ṣe, ó fi wúrà bo eyín iwájú kan bọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, àwọn aṣọ tó rà bọ̀ ti gbó, eyín yìí nìkan ló kù nínú ìrìn àjò náà. Nígbà Iléyá tó kọjá, egungun àgbò kan tú wúrà náà kúrò lára eyín. Alájà fi áńkáṣíìfù wé e, ó fi sínú agolo àtíkè, ó ń retí Ọjọ́rú tí dókítà eléyín máa bá a lẹ̀ ẹ́ padà. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu bó bá ń sọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ kíláàsì Misbaudeen sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò àṣekágbá. Wọ́n ní àwọn máa lọ gbafẹ́ létí òkun ní Sátidé, àwọn sì máa ya fídíò. "Ẹni tó bá ní wúrà lára ló máa dúró níwájú o," ni Nojeem wí. Òun ti yá ṣéènì kan tó ń dán yanran. "Ìwọ ńkọ́, Misba? Àbí ẹ̀yìn lo máa wà, kó o máa bá wa gbé báàgì dání?" Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dun Misbaudeen wọ eegun. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, bí Alájà ti ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, ó yọ́ wọ yàrá, ó ṣí agolo àtíkè.

Ṣingọ́ọ̀mù ló fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín ara rẹ̀. Fídíò náà dùn lóòótọ́! Misbaudeen wà níwájú pátápátá, ó ń yínyín, ó ń mi apá. Ṣùgbọ́n bó ti la ẹnu gbàgà láti pariwo, nǹkan kan fò jáde, ó bọ́ sínú iyanrìn. Gbogbo wọn kúnlẹ̀, wọ́n fọwọ́ tú iyanrìn títí ọkọ̀ fi fẹ́ gbéra. Ìdérí ìgò nìkan ni wọ́n ń rí.

"Ibo ló ti bọ́?" Japheth tún béèrè.

"Lábẹ́ àtíbàbà àwọn tó ń ta ohun mímu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé."

"Hẹ̀n, mo mọ ibẹ̀. Ìdérí ìgò ló kún ibẹ̀ bí òkúta inú ìrẹsì." Japheth mú àwo ńlá. "Èyí ni màá lò lọ́la. Ó máa ń gba ibi tó fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń gbọ́ ohun tó jìnnà sísàlẹ̀. Fóònù kì í ṣe nǹkan kékeré. Bó bá ń ké kíún kíún lórí ìdérí ìgò, mi ò ní dá a lóhùn. Ó dìgbà tó bá ké dáadáa kí n tó wa ilẹ̀."

"Àwo kékeré yẹn ńkọ́?" Ohùn Misbaudeen ti lọ sílẹ̀.

"Ìyẹn? Ti òrùka, yẹtí, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ nìyẹn. Ibi tó ń wò lẹ́ẹ̀kan kò ju ibi tí ológbò lè jókòó sí. Tí mo bá fi í wá fóònù, ilẹ̀ á ṣú mọ́ mi lórí. Mi ò tiẹ̀ ní gbé e dání."

Bí Misbaudeen bá sọ òótọ́, gbogbo Bẹẹrẹ ló máa gbọ́ ẹ̀rín Japheth. Ìyá Japheth, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, sì tún jẹ́ ọ̀rẹ́ Alájà. Kó tó di alẹ́, ọ̀rọ̀ á ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nílé ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Ó dúpẹ́, ó sì gba ilé lọ, inú ń bí i sí ara rẹ̀. Ó ń gbàdúrà pé kí àwo ńlá kàn ṣèèṣì rí eyín náà, kí òun lè yọ́ dá a padà sínú agolo kí Alájà tó mọ̀.

Alájà ti mọ̀. Nígbà tí Misbaudeen wọlé, gbogbo ẹrù ìyá àgbà ló wà nílẹ̀. Àpótí aṣọ ṣí sílẹ̀, wọ́n ti yí tìmùtìmù padà, agolo àtíkè dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Alájà jókòó sáàárín wọn, áńkáṣíìfù òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àlàní, gbà mí," ló wí, oríkì Misbaudeen ló fi pè é. "Ibo ni mo gbé eyín mi sí? Mo rò pé inú agolo yìí ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra. Ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀."

"Bóyá ó..." ni Misbaudeen bẹ̀rẹ̀.

"Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n mi nìyí." Alájà ń ká áńkáṣíìfù náà, ó ń tú u. "Ó máa ń gbé kọ́kọ́rọ́ pamọ́, kò ní rántí ibi tó gbé e sí. Nígbà tó yá, ó gbàgbé ọ̀nà Ọjà'ba tó ti ń tajà láti kékeré. Nígbẹ̀yìn, ó ń bi mí pé, 'Ta ni ọ́?' Èmi tá a jọ mu ọmú kan náà! Àlàní, orí mi ti ń dàrú. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Misbaudeen kò rí i kó sunkún rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀. Láti Sátidé, eyín nìkan ló ń rò. Kò fìgbà kankan rò ó pé ìyá arúgbó lè di ẹ̀bi náà ru ara rẹ̀. Ó wá yé e pé bí Japheth bá tiẹ̀ rí eyín, tí òun yọ́ dá a padà sínú agolo, ńṣe ni Alájà máa rí i níbi tó ti wá a tí kò sí, á sì gbà pátápátá pé orí òun ti dàrú. Kò sí bí òun ṣe lè dákẹ́ kí ara ìyá yìí balẹ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá Alájà, orí yín pé. Inú agolo lẹ fi í sí lóòótọ́. Èmi ni mo mú un."

Ó sọ gbogbo rẹ̀: Nojeem, fídíò, ṣingọ́ọ̀mù, iyanrìn. Nígbà tó parí, Alájà tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Ẹnu ẹ lo fi sí?" Alájà béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Eyín tèmi?"

"Ẹ dárí jì mí, mà."

"Dúró ná. Àní inú agolo ni mo fi í sí?"

"Inú agolo ni, mà. Áńkáṣíìfù ọwọ́ yín yẹn gan-an lẹ fi wé e."

Alájà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Alihamdulilahi! Orí mi pé! Orí mi ṣì pé o!" Ó rẹ́rìn-ín títí omijé mìíràn fi jáde lójú rẹ̀, kò tilẹ̀ rántí bo ẹnu. Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán ló wá fa sálúbàtà yọ, ó sì fi na Misbaudeen lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. "Ọ̀kan fún olè," ló wí, "ọ̀kan fún ọ̀bùn." Ó dun Misbaudeen, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúyẹ́. Nígbà tó wá gbọ́ nípa Japheth àti àwo ńlá, ńṣe ló figbe ta: "Fóònù kẹ̀? Ṣé fóònù ni mo fi ń jẹran ni?"

Nígbà tí wọ́n kírun àsùbáà tán lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì gbéra. Wọ́n gba Ọjà'ba kọjá níbi tí àwọn ọlọ́jà ti ń tú ẹrù, wọ́n gun òkè Mapo, wọ́n bá Japheth níbi tó ti ń ti ṣọ́ọ̀bù, báàgì ti wà léjìká rẹ̀.

"Japheth, dúró!" ni Alájà ké.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé kò sí o?"

"Ó wà o. Àlàní, sọ fún un."

Misbaudeen sọ ọ́. Àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò ń gbọ́. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí ọ̀kadà rẹ̀, òmíràn ní kó yínyín káwọn wò ó. Ojú ti Misbaudeen, ṣùgbọ́n kò kúrò níbi tó dúró sí títí ó fi sọ ọ́ tán.

Japheth nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ báàgì kalẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀? Orí eyín yẹn gan-an ni ǹ bá gbé àwo ńlá kọjá. Á ké kíún, èmi á ní ìdérí ìgò ni, màá sì kọjá lọ. Màá wá padà wá sọ fún ẹ pé kò sí níbẹ̀." Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àwo kékeré jáde. "Alájà, báwo ló ṣe tóbi tó?"

Alájà mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu. "Wo ojú ibẹ̀ fúnra ẹ."

Japheth bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wò ó bí ẹni ń wo inú rédíò tó bàjẹ́. "Kò tó hóró àgbàdo," ló wí. Ó bẹ Alájà kó yá òun ní yẹtí etí rẹ̀ kan. Ó ri yẹtí náà pẹ̀lú ìdérí ìgò kan mọ́ inú iyanrìn tí onílé kan dà sẹ́bàá títì, ó fi díẹ̀ sílẹ̀ láàárín méjèèjì. Nígbà tó gbé àwo ńlá kọjá, ẹ̀rọ ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó pààrọ̀ rẹ̀ sí kékeré, ẹ̀rọ ké fún ìdérí, ó dákẹ́, ó tún ké fún yẹtí. "Ṣé o rí i?" ló bi Misbaudeen. "Kékeré á pẹ́ o, ṣùgbọ́n òun la máa gbé lọ."

Ọjọ́ náà gùn. Misbaudeen ń to gbogbo ẹrù tí Alájà tú sílẹ̀ padà nígbà tí Nojeem, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn ọlọ́kadà, pè.

"O wá lọ jẹ́wọ́! Ìwọ náà! Ṣebí ò bá kàn dákẹ́. Àwọn àgbàlagbà máa ń gbàgbé nǹkan, á rò pé òun ló sọ ọ́ nù."

"Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn," ni Misbaudeen dáhùn. "Jọ̀ọ́, pa fídíò yẹn rẹ́." Ó sì gé fóònù.

Lẹ́yìn ìrun aláásárì, Japheth pè. "Gbé fóònù fún Alájà," ló wí, kò fi ohunkóhun kún un. Misbaudeen gbé e fún un. Ó dúró, ó ń wo ojú Alájà. "Hẹ̀n," ni Alájà ń wí. "Hẹ̀n. Hẹ̀n." Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó gbé fóònù sílẹ̀ lórí itan.

"Ìyá Alájà, kí ni wọ́n wí?"

"Ó ní ìdérí ìgò tóun wa jáde ti kún ọ̀rá kan kóun tó kan eyín mi. Ó ní ṣingọ́ọ̀mù ẹ ṣì wà lára ẹ̀."

Misbaudeen jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mí kanlẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Alájà fọwọ́ pa á lórí. "Dìde," ló wí. "Mo ti dárí jì ẹ́ láti àná."

Ní Ọjọ́rú, òun ló tẹ̀ lé Alájà lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín. Dókítà gbé wúrà náà sábẹ́ iná, ó fajú ro. "Alájà, ta ló fi ṣingọ́ọ̀mù lẹ nǹkan yìí?"

Alájà gbójú sókè bí ẹni pé kò gbọ́. Ó ṣe tán láti bo ọmọ ọmọ rẹ̀ láṣìírí. Ṣùgbọ́n Misbaudeen ti dìde dúró.

"Èmi ni, sà," ló wí, ó sì sọ bó ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tún bi í.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, gbogbo wa la máa ń ṣe àṣìṣe. Nígbà tí ẹ bá ṣe tiyín, ẹ tètè sọ ọ́ bó ṣe jẹ́ gan-an, torí pé ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ kò lè mọ ohun tó yẹ kó mú dání bí ẹ bá purọ́ fún un. Ẹ sì rántí pé ẹ̀bi tí ẹ kọ̀ láti gbà kì í lọ gbé inú igbó. Ẹlòmíràn nínú ilé ló máa rù ú, ó sì lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn yín jù lọ.