Ààlà tí Jùwọ́nlọ Rékọjá

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ ìpẹja tí Jùwọ́nlọ ń bá ṣiṣẹ́ dé Àrámọkọ. Tísà Ọládipúpọ̀ nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún fóònù rẹ̀ wò. Jọ́gíráfì ni ó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ìkòrò-Èkìtì kó tó fẹ̀yìn tì. Ta ni yóò wá sọ fún un pé òkun kò sí ní Àrámọkọ?

Jùwọ́nlọ, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un, ló fi máàpù tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wọn wà hàn sórí fóònù bàbá rẹ̀ nígbà tó wálé Kérésì. Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ wọn ní Èkó tí sátẹ́láìtì ń rí láti òkè, kí wọ́n má baà pẹja wọ inú omi orílẹ̀-èdè mìíràn. Àmì búlúù ni ọkọ̀, ìlà pupa ni ààlà. Bí ọkọ̀ bá rékọjá ìlà, fóònù á ké.

"Bó bá ké, Bàbá, ẹ pè mí, kí ẹ bú mi dáadáa," ni ọmọ náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, bí Tísà bá ti jẹun ọ̀sán tán, á wo ọmọ rẹ̀ lórí omi, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Ó pe Jùwọ́nlọ, kò wọlé. Ó pe iléeṣẹ́ wọn. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Caleb ló gbé e.

"Ẹ má bínú, sà. Ọkọ̀ náà ti rì ní òru àná. A ò rí ẹnì kankan. Ẹ̀rọ yẹn wà nísàlẹ̀ òkun."

Kí Tísà tó gbé fóònù kúrò létí, àmì búlúù ti kọjá Ìjerò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bùnmi ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò ké. Ó gún iyán, ó gbé e síwájú àga ọmọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, omijé ń kán sí i lọ́wọ́.

"Ó ń bọ̀ ní ulé," ó rọra sọ. "Tísà, ẹ gbọ́ mi. Ẹni tó kú lájò tó wá sí ulé, a kì í pe orúkọ rẹ̀. Bí a ò bá pè é, á jókòó tì wá. Bí a bá pè é, ó lọ nìyẹn."

"Mo gbọ́."

Oòrùn ṣì ń ràn nígbà tí òórùn omi òkun wọlé. Àmì búlúù dúró lórí ilé wọn. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí i: ọ̀dọ́kùnrin kan lórí àga, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, omi ń ro lára ẹ̀wù rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí iyán, ó bu òkèlè kan.

Bùnmi fi ìborùn di ẹnu. Ṣùgbọ́n Tísà fẹ́ rí ojú ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹnu tó ti fi ọgbọ̀n ọdún pe réjísítà kò dúró gbàṣẹ.

"Olúwajùwọ́nlọ."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

"Mo wà níbí, sà," ni ọ̀dọ́kùnrin náà dáhùn, bó ṣe máa ń dáhùn ní kíláàsì bàbá rẹ̀. Ó dìde, ó jáde, kò bojú wẹ̀yìn.

Fóònù ké. Ìlà pupa tó máa ń wà lórí òkun, ẹnu ọ̀nà ilé wọn ló gbà kọjá báyìí. Àmì búlúù wà lódìkejì, ó ń jìnnà.

"Padà, ọmọ mi," Tísà ń bẹ fóònù náà. "Padà." Àmì náà kú.

Bùnmi ń wo àga tó tutù rin.

"Tísà, kí ló dé tí ẹ pè é?"

Tísà da ojú fóònù náà bolẹ̀.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi pe orúkọ ọmọ ọlọ́mọ," ó ní. "Wọ́n á dáhùn, wọ́n á sì jókòó."