Rọ́bà Bíréèkì Ọkọ̀ Tíṣà

Nísàlẹ̀ kòtò òkúta ni wọ́n ti bá Tíṣà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sitiárìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá. Òkú kì í purọ́: ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ ni kò gbọ́.

Ìyá Ìbéèrè rọra sọ̀kalẹ̀ lọ bá a láàárín òkúta. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Àwọn olè ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí bó bá bi ọ́ ní nǹkan láàárọ̀, á tún bi ọ́ nírọ̀lẹ́, á sì fẹ́ mọ ìdí tí ìdáhùn rẹ fi yí padà. Orúkọ náà kò bí i nínú. Ohun tó ń bí i nínú ni kí ẹni rere kú sí ibi tí kò yẹ.

Irú ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ni ọkọ̀ náà, ti àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ni tẹ́lẹ̀. Tíṣà rà á ní akúrẹtẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irin àlòkù, ó sì ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Agbára tíṣà kò sì pọ̀. Sípíríǹgì ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n fi gbé e ga, inú bọ́ọ̀sì tó jóná ni wọ́n ti yọ àga rẹ̀, ọwọ́ ara Tíṣà ló sì fi kùn ún lọ́dà. Àárọ̀ Sátidé yìí ló kọ́kọ́ wà á lọ sórí òkè láti dán an wò. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé á lọ.

Ìyá Ìbéèrè wọ abẹ́ ọkọ̀ náà. Láàárín ṣásí àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, rọ́bà kan wà tó ń gbé òróró bíréèkì lọ. Ó ti já. Ó ti gbó, ara rẹ̀ sì ti sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kì í wọ bàtà. Ó tún kúrú. Lára páìpù irin tí wọ́n so ó mọ́, ó rí ìlà ọ̀dà pupa tín-ín-rín kan. Ìlà náà wá láti ara páìpù, ó dé ẹnu nǹtì tó so páìpù mọ́ rọ́bà, ó sì dúró gbagidi. Kò sí ọ̀dà kankan lára nǹtì rọ́bà náà. Ó ní kí wọ́n bá òun fi ayùn gé páìpù náà níbẹ̀, ó sì fi aṣọ wé e.

Nígbà tó fi máa padà dé àgọ́, ẹnì kan ti jẹ́wọ́. Mẹkáníìkì tí wọ́n jọ tún ọkọ̀ náà ṣe ni, ọ̀rẹ́ Tíṣà tímọ́tímọ́, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Ọ̀gá Bíréèkì. Wọ́n ti fi rọ́bà tó já hàn án, ó sì ti ní kí wọ́n ti òun mọ́lé.

“Èmi ni mo pa á,” ó ní.

“Ẹ pa á báwo?”

“Nígbà tí a gbé ọkọ̀ ga, rọ́bà àtijọ́ ò tó o mọ́. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò séwu. Àmọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá rì sínú gọ́tà, á fà á, á já, òróró á sì tú dànù. Kò sí awakọ̀ tí ò mọ̀ ọ́n. Mo ra èyí tó gùn. Mo rántí pé mo fi í sí i. Àmọ́ èyí tó kúrú lẹ bá níbẹ̀. Mo gbàgbé nìyẹn.”

“Ṣé ẹ rántí ni, àbí ẹ gbàgbé? Ọ̀kan ni kẹ́ ẹ mú.”

“Mo ti fojú rí rọ́bà, màdáàmù. Kí ni ìrántí tún fẹ́ sọ?”

Ọ̀gá Bíréèkì sọ fún un pé òun àti Tíṣà ló yẹ kó jọ lọ. Inú ló ń run Baba Rọra, bàbá àgbà tó máa ń jókòó nínú ọgbà òun, láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun sì gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Tíṣà ní òun kò lè dúró mọ́, ó dá nìkan lọ. Ọ̀gá Bíréèkì ní ó sàn kí àwọn jọ kú síbẹ̀ ju kí òun wà láyé kí òun mọ̀ pé ọwọ́ òun ló pa ọ̀rẹ́ òun.

“Ọ̀dà pupa wo ló wà lára páìpù yẹn?”

“Tí mo bá ti fún nǹtì tán, mo máa ń fa ìlà láti ara páìpù kọjá sára nǹtì. Tí ìlà bá yẹ̀, mo mọ̀ pé nǹtì ti tú.”

Ó sọ ọ́, kò sì gbọ́ ohun tó sọ. Ìyá Ìbéèrè gbọ́. Ẹni tó gbàgbé iṣẹ́ kì í fa ìlà pé òun ti ṣe é. Ìdajì ìlà wà lára páìpù, ìdajì kejì wà lára rọ́bà mìíràn, níbòmíràn.

Ọ̀gá àgọ́ kò fẹ́ gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ó ní kóòtù ni ọkùnrin náà ń lọ ní ọjọ́ Ajé, ẹni tó ti jẹ́wọ́ ti fún àwọn nísinmi. Ìyá Ìbéèrè ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ó sì gbọ̀nà ọgbà mẹkáníìkì.

Wọn kì í sọ nǹkan nù nínú ọgbà yẹn. Lára ògiri, lórí ìṣó, ni gbogbo ohun tí wọ́n yọ kúrò lára ọkọ̀ Tíṣà wà: bẹ́líìtì, ìdérí iná, páìpù èéfín tó dógùn-ún. Eruku ti bò wọ́n. Ìṣó kan ṣófo. Lábẹ́ rẹ̀, ara ògiri mọ́ ní ìwọ̀n ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kúkúrú kan. Wọ́n ti yọ rọ́bà àtijọ́ kúrò lára ọkọ̀ rí nìyẹn, wọ́n ti gbé e kọ́ títí ó fi ní eruku, kí ẹnì kan tó tún wá mú un.

Lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá géètì ni Baba Rọra jókòó sí. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí ọkọ̀ tó máa jáde nínú ọgbà náà tí kò ní nawọ́ sí pé, “Ẹ rọra o.” Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ó bẹ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà pé kí wọ́n fi Ọ̀gá Bíréèkì sílẹ̀, pé kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ìyá Ìbéèrè ní kó farabalẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì kù.

Ó kọ́kọ́ lọ bá àbúrò Tíṣà, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kò dára. Níwájú ẹbí ló ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, “Pósí lẹ̀ ń kùn lọ́dà yẹn.” Ojú ọkùnrin náà ti wú fún ẹkún. Ó ní àwàdà lòun ń ṣe. Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti wà ní ìlú mìíràn níbi ìgbéyàwó, kò sì padà dé àfi ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ ikú sí i. Àwọn tí wọ́n jọ lọ jẹ́rìí sí i. Ìyá Ìbéèrè fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹkún rẹ̀.

Ó wá ku páńẹ́lì bítà tó ń lu ara ọkọ̀ nínú ọgbà náà. Òun àti Tíṣà kì í jọ rẹ́rìn-ín. Tíṣà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó gbé fún un, ìyẹn sì ti sọ ní gbangba pé àwọn á jọ rí ibi tó máa bá ahun dé. Ìyá Ìbéèrè fẹ́ lọ bá a. Àmọ́ ìyàwó Tíṣà ti dúró dè é lẹ́nu géètì.

Ó ní ọkọ òun kò jẹun dáadáa mọ́ láti ọjọ́ tó ti tú bọ́ńpà iwájú ọkọ̀ náà. Nǹkan kan ló bá lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e wálé, ó fọ̀ ọ́, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Nígbà tóun bi í, ó ní ọ̀rọ̀ náà ju ti òun lọ. Obìnrin náà tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. Agogo kẹ̀kẹ́ ni, ó ti wó pẹlẹbẹ.

Ìyá Ìbéèrè gbé e lọ sọ́dọ̀ páńẹ́lì bítà, kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé e síwájú rẹ̀. Òòlù bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

“Níbo lẹ ti rí i?”

“Ẹ mọ̀ ọ́n?”

“Agogo kẹ̀kẹ́ ìyàwó Ọ̀gá Bíréèkì nìyí. Ẹ wo ahọ́n ẹ̀, ọwọ́ ṣíbí ni. Ọ̀gá ló rọ ọ́ fún un. Ọkọ̀ kan gbá ìyàwó náà pa lọ́nà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò kan, ó sì sá lọ. A ò rí ẹni náà títí dòní.”

“Ẹ̀yìn bọ́ńpà ọkọ̀ Tíṣà ló wà.”

Páńẹ́lì bítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà bi í léèrè ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà nígbà yẹn, nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ọ̀nà. Ọkùnrin náà wo ọ̀nà géètì.

“Lọ́jọ́ tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wọlé síbí,” ó ní, “omi bọ́ lójú Baba Rọra. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A ní ọkọ̀ ẹ̀ àtijọ́ ló ń ṣàárò.”

Bẹ́ǹṣì ti ṣófo nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀.

Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n ti bá bàbá náà, ó jókòó sétí ibùsùn. Yàrá kan ṣoṣo ni, ó mọ́ tónítóní. Ìyá Ìbéèrè kí i bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, ó sì tọrọ àyè láti wo abẹ́ ibùsùn. Àpótí irin kan wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ kún fún ohun tí awakọ̀ máa ń tọ́jú: gílóòbù tó ṣì ń tàn, púlọ́ọ̀gì tó ti nù dán, okùn bẹ́líìtì. Lábẹ́ gbogbo wọn ni rọ́bà bíréèkì gígùn kan wà. Wọ́n ti nu òróró ara rẹ̀, wọ́n sì ká a dáadáa. Ìlà pupa kékeré kan wà lára nǹtì rẹ̀.

Ó mú páìpù tó gé wá, ó fi ẹnu rẹ̀ ko ẹnu nǹtì. Ìlà méjèèjì di ọ̀kan.

“Baba, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ nù?”

Ìbéèrè náà ya bàbá náà lẹ́nu.

“Tuntun ni,” ó ní.

Lẹ́yìn náà ló tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò fi igbá kan bọ̀kan nínú. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì ń sáré kílẹ̀ tó ṣú. Ó gbọ́ tí nǹkan dún gbì, kò dúró. Ó sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé igi lòun kọ lù. Nígbà tó gbọ́ ẹni tó kú, kò lè sùn, ó wá sí ọgbà mẹkáníìkì láti jẹ́wọ́.

“Ọ̀gá ń sunkún nígbà tí mo dé. Síbẹ̀, ó gbé àga fún mi. Mo jókòó. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti jókòó.”

“Tíṣà wá rí agogo.”

“Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní kí n lọ sọ ọ́ fún Ọ̀gá fúnra mi, pé bí òun bá ti orí òkè dé tí mi ò bá tíì sọ ọ́, òun á sọ ọ́. Mo ní mo gbọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí wọ́n lọ jẹun, mo dìde pé mo fẹ́ lọ bá a. Sípánà ni mo lọ mú. Mo yọ èyí tó gùn, mo mú èyí tó kúrú lórí ìṣó.”

“Inú tó ń run yín ńkọ́?”

“Kò run mí. Mi ò fẹ́ kí Ọ̀gá wọ ọkọ̀ yẹn. Mo ti gba ìyàwó lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò lè tún pa òun náà.”

“Ẹ wá jẹ́ kó wà látìmọ́lé, kó máa rò pé òun ló pa ọ̀rẹ́ òun.”

Baba Rọra na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹ̀kẹ̀ sí i.

Ìyá Ìbéèrè fúnra rẹ̀ ló lọ ṣí ilẹ̀kùn fún Ọ̀gá Bíréèkì. Ó bá a lórí ilẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ bíréèkì ló fi ṣáájú, nítorí ó mọ̀ pé ìyẹn ló ń pa ọkùnrin náà.

“Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Ẹ fi rọ́bà gígùn sí i, ẹ sì fún un dáadáa. Ẹlòmíràn ló yọ ọ́.”

Ọkùnrin náà bo ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó béèrè ẹni náà. Ìyá Ìbéèrè sọ fún un. Ọkùnrin náà béèrè ìdí rẹ̀, Ìyá Ìbéèrè sì sọ ìyẹn náà fún un, nítorí pé bí òun kò bá sọ ọ́, ọjà ni á ti gbọ́ ọ. Àánú rẹ̀ ṣe é débi pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tọrọ gáfárà.

Ọ̀gá Bíréèkì mú ọwọ́ kúrò lójú.

“Lọ́dọọdún,” ó ní, “òun ló máa ń bá mi ro ìdí ibojì ìyàwó mi. Á máa sunkún. Èmi ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sunkún mọ́, pé àgbà ni, kó rọra.”

“Ẹ dìde, Ọ̀gá. Ẹ lè máa lọ sílé.”

Ó dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, àwọn ọwọ́ tí kò tíì jẹ̀bi.

“Yàrá wo lẹ fi í sí?”

“Èyí tó tẹ̀ lé eléyìí.”

Ọ̀gá Bíréèkì padà sẹ́yìn, ó lọ jókòó sí ibi tó ti dìde.

“Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yìí padà,” ó ní, “títí ẹ ó fi gbé e kúrò níbẹ̀.”

Ìyá Ìbéèrè wò ó. Ó fa ilẹ̀kùn náà pa, ó sì yí kọ́kọ́rọ́.