Ẹni Tí Kì í Bọ́ Sílẹ̀ ní Airport

Inú trotro, ọkọ̀ èrò tó ń bọ̀ láti Tafo, ni Àpínkẹ́ ti kọ́kọ́ rí Rilwan. Wọ́n jọ há sórí ìjókòó kan náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Yorùbá ni yín?" Rilwan bi í. "Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù."

"Ibí ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wá. Níbo lẹ ti ń ṣiṣẹ́?"

"Airport."

Inú Àpínkẹ́ dùn. Ṣọ́ọ̀bù òògùn tó ti ń bá wọn tajà dojú kọ ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú gan-an, ó sì rò pé àwọn yóò jọ bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí méètì tó ń gbowó ọkọ̀ ké "Airport!", òun nìkan ló sọ̀ kalẹ̀. Rilwan juwọ́ sí i láti ojú fèrèsé, ọkọ̀ sì gbé e lọ.

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe báyìí. Ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára, ṣùgbọ́n bó ṣe ń jinlẹ̀ tó ni ara ń fu Àpínkẹ́ tó. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń rí gbogbo ẹni tó ń wọ ẹnu ọ̀nà yẹn. Kò rí Rilwan rí.

"Kí ló dé tí o kì í bọ́ síbi tí àwọn ará Airport ń bọ́ sí?"

"Iwájú ni ibi iṣẹ́ tiwa wà, ọ̀wọ́n mi."

"Daabi, rárá o, Rilwan. Igbó ló wà níwájú."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé èsì nìyẹn?

Ilé ni ọ̀rọ̀ ti wá le. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọkùnrin kan tó ní òun ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Tema fẹ́ fẹ́ Jọláadé, ẹ̀gbọ́n Àpínkẹ́. Ọjọ́ tí àwọn èèyàn ọkùnrin náà wá kan ilẹ̀kùn láti tọrọ ìyàwó ni wọ́n tó gbọ́ pé ó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta nílé. Láti ìgbà náà, Bàbá Àlímì, bàbá wọn, kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́.

"Sọ́ńdè ni àwọn èèyàn ẹnjiníà rẹ fẹ́ wá tọrọ rẹ," Bàbá wí. "Ṣé o ti fojú ara rẹ rí ibi tó ń ṣiṣẹ́?"

"Rárá, Bàbá."

"Tí o kò bá tíì rí i kó tó di Jímọ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ wá."

Ní Ọjọ́bọ̀, Àpínkẹ́ fi ìborùn Jọláadé bojú, ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ni Rilwan wà. Méètì ké "Airport!", Àpínkẹ́ tẹrí ba. Ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri pápákọ̀ yí lọ sẹ́yìn, Rilwan sì bọ́ sílẹ̀ níbi tí kò sí nǹkan kan ju búkà oníkẹ́ńkẹ́ lọ.

Obìnrin kan ń dúró dè é. Ó gbé kúlà oúnjẹ lé e lọ́wọ́, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gba géètì kékeré kan lára ògiri pápákọ̀ wọlé.

Àpínkẹ́ ṣí ìborùn kúrò lójú. Ìyàwó rẹ̀ rèé.

"Méètì, mepaakyɛw, jọ̀ọ́, mo ń bọ́ sílẹ̀!"

Ó sáré dé géètì. Kwadwo, ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀, dí i lọ́nà.

"Ta ni obìnrin tó bá Rilwan wọlé yẹn?" Twi ló fi bi í.

"Abena? Òun ló ń se oúnjẹ fún gbogbo wa. Ìwọ ńkọ́?"

"Àpínkẹ́ ni mí."

Kwadwo wò ó dáadáa. "Àpínkẹ́ ti Tafo?" Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó yí i sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Rilwan, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣe òṣìṣẹ́, orúkọ Àpínkẹ́ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n pàdé ni Rilwan kọ ọ́.

"Mo bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ ni," Kwadwo wí. "Ó ní kò tíì rí bẹ́ẹ̀."

Kwadwo mú un dé ìdí wáyà tó yí pápá bàálù ká; láti ibẹ̀, Àpínkẹ́ rí Rilwan nínú aṣọ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń sáré lórí koríko, ó ń fọn fèrè, àwọn ẹyẹ sì ń fò lọ níwájú rẹ̀. Nígbà tí Rilwan rí i, ó dúró. Ó rìn wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Àwọn ẹyẹ ni mò ń lé, kí wọ́n má baà kó sẹ́nu ẹ́ńjìnnì bàálù. Bàbá rẹ ló ń pè mí ní ẹnjiníà. Ojú tì mí láti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́."

Inú bí Àpínkẹ́, ìfẹ́ rẹ̀ sì tún gbá a mú. Ó sunkún díẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Àpínkẹ́ sọ fún Bàbá pé òun ti rí ibẹ̀; ní Sọ́ńdè, àwọn èèyàn Rilwan kún pálọ̀. Bàbá Àlímì tẹjú mọ́ Rilwan.

"Ìwọ, níbo lo ti ń bọ́ sílẹ̀?"

"Ibi tó tẹ̀ lé Airport ni, Bàbá," Àpínkẹ́ dáhùn. "Mo ti débẹ̀."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹyẹ ni mò ń lé, sà," Rilwan wí.

 Jọláadé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹni tí kò tíì rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ láti ọdún méjì.

"Bó bá jẹ́ pé irọ́ ló fẹ́ pa, ì bá wá iṣẹ́ tó dáa ju èyí lọ," Bàbá wí. "Ẹ gbé obì wá. Ṣùgbọ́n lọ́la, èmi náà á bá ọ wọkọ̀ yẹn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí méètì ké "Airport!", Bàbá, Rilwan àti Àpínkẹ́ ló jókòó jẹ́ẹ́ sórí ìjókòó kan. Àpínkẹ́ tó yẹ kó bọ́ sílẹ̀ kò tilẹ̀ mira.